PS4 tó ń gbóná tó ń kú: pẹpẹ onífáànù ò ràn mí lọ́wọ́, dépanneur ló ràn mí lọ́wọ́

Kí n kúkú ti ibi tó kan owó yín bẹ̀rẹ̀: tí PS4 yín, ẹ̀rọ géèmù tí à ń so mọ́ télé yẹn, bá ń gbóná tó sì ń pa ara ẹ̀, ẹ má ra pẹpẹ onífáànù tí wọ́n ń tà pé kí ẹ gbé sí abẹ́ ẹ̀ yẹn. Ẹ wá dépanneur, ẹni tó mọṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ, kó tú u, kó gbọ́n eruku inú ẹ̀ dànù, kó pààrọ̀ pâte thermique, ìyẹn ìpara tí wọ́n ń fi sórí puce (ọpọlọ ẹ̀rọ náà) kí ooru lè kúrò lára ẹ̀. Mo ti lo méjèèjì, owó mi ni mo fi ṣe méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní kọ́bọ̀ kí n tó wá sọ ọ́ níbí.

Ilé géèmù kékeré kan ni mo ń ṣe ní Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò jìnnà sí ọjà. Télé mẹ́ta, PS4 mẹ́ta, bẹ́ǹṣì, ó tán. Àwọn ọmọ máa ń wá gbá FIFA, géèmù bọ́ọ̀lù yẹn, lẹ́yìn ilé ìwé, ọ̀sán Ọjọ́rú tí kò sí kíláàsì ni wọ́n máa ń pọ̀ jù. Òrùlé páànù ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Kétu ẹ mọ bí February àti March ṣe máa ń rí, ẹ sì mọ erùpẹ̀ pupa wa, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló máa kọjá tí gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù á ti pọ́n, tó bá wá di ìgbà ọyẹ́ kí Ọlọ́run ṣáà máa ṣọ́ wa.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 2013 ni, tòkunbọ̀ ni mo rà á ní Kùtọnù. Àwọn ọmọ á wà lẹ́nu ìdíje, fáànù inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ariwo débi pé a ò ní gbọ́ ohun tí télé ń sọ mọ́, ọ̀rọ̀ á wá jáde pé PS4 ti gbóná jù, kí a pa á kó tutù, kí ẹni tó mú manette tí wọ́n fi ń gbá a dání tó kà á tán ó ti kú, iná pupa ló máa kù tó ń ṣẹ́jú níwájú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tún kú o!" Ẹni tó ń na ẹnìkejì ẹ̀ ní 3-1 á fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ẹni tí wọ́n ń nà á ní òun ò mọ nǹkan kan o, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Èmi ni mo wá máa ń dá owó padà fún àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan kí n tó dé orí pẹpẹ yẹn o, torí mo ti rí ẹni tó ná owó lórí ooru nígbà tí kì í ṣe ooru ló ń ṣe é. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tó tàn, tí ìṣẹ́jú kan ò tíì pé tó ti kú, tí fáànù ò tiẹ̀ tíì dún, ẹ má wá ooru kiri, ẹ yẹ iná wò, ẹ yẹ wáyà wò, ẹ yẹ alimentation inú ẹ̀, ibi tó ti ń gba iná, wò. Iná tó ń lọ sókè sódò náà máa ń pa á, àmọ́ ìyẹn kì í kọ ìkìlọ̀ kankan sójú télé, á kàn ṣú lójijì ni, tẹ́ ẹ bá wá tan án padà ó máa bá yín wí pé ẹ ò pa òun bó ṣe yẹ, bíi pé ẹ̀yin lẹ bá àwọn oníná sọ ọ́. Ti ooru yàtọ̀. Ti ooru máa ń fún yín láyè kó tó dé: géèmù á ti wọra, ariwo á ti ga, ìkìlọ̀ á jáde, kó tó kú. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ kó tutù á tún ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní pẹ́ tó ti ìṣáájú. Mo gbé èyí tó ń kú yẹn lọ síbi tí èkejì wà, lórí régulateur (ẹ̀rọ tó ń mú iná dúró déédéé) kan náà, wáyà kan náà, télé kan náà. Èkejì ò kú. Òun kú. Ọ̀rọ̀ iná ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ó dáa, pẹpẹ náà. Ọjà Dantokpa ní Kùtọnù ni wọ́n ti bá mi rà á, 7.000 francs, kò ní orúkọ gidi kan lára, àpótí ẹ̀ kàn sọ pé ó ń mú kí PS4 tutù. Fáànù kékeré méjì ló wà nínú ẹ̀, iná aláwọ̀ búlúù, àyè tí ẹ lè fi manette méjì sí kí wọ́n máa gba ṣáàjì, wáyà USB kan tó ń wọ inú PS4 fúnra ẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ibi ṣáàjì yẹn dáa, títí di òní ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó dáa ju kí àwọn ọmọ máa fa wáyà ká gbogbo ilẹ̀ kí wọ́n máa fẹsẹ̀ kọ ọ́. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn iná búlúù yẹn. Ṣùgbọ́n torí ooru ni mo ṣe rà á, ní ti ooru, òdo ni.

Lálẹ́ tí ilẹ̀ ti tutù díẹ̀, ó dà bíi pé ó ń gbìyànjú. Lọ́sàn-án, bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀ ló ṣe ń kú, ariwo wá di méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tú PS4 náà lójú mi ni mo tó rí ìdí ẹ̀. Irú tèmi yìí, ẹ̀gbẹ́ ló ti ń fa atẹ́gùn wọlé, níbi ìlà tóóró tó yí i ká yẹn, ẹ̀yìn ló sì ti ń tu atẹ́gùn gbígbóná jáde. Ike tí wọ́n dé pa ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Fáànù pẹpẹ wá ń fẹ́ atẹ́gùn lu ike, bí ìgbà téèyàn ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ara ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná, ọbẹ̀ inú ẹ̀ ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ṣe nǹkan kan. Ọmọ àbúrò mi tiẹ̀ ní ká gbé fáànù onídùúró sẹ́yìn ẹ̀, mo ní rárá, ibẹ̀ gan-an ni ooru ti ń jáde, tẹ́ ẹ bá wá ń fẹ́ atẹ́gùn bọ̀ látibẹ̀, ẹ ń ti ooru padà sínú nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lo fáànù onídùúró kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì jìnnà díẹ̀ torí eruku tóun náà máa ń fẹ́.

Dépanneur tí mo gbé e lọ fún wà lójú ọ̀nà Ìlárá, radio àti télé ló ń tún ṣe látilẹ̀, géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ kún un ni. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó wù mí lára ẹ̀ ni pé kò kọ́kọ́ dá owó lé mi. Ó ní kí n so ó mọ́ télé òun, kí n gbá bọ́ọ̀lù níwájú òun, ìgbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀ ó ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín sẹ́yìn ẹ̀, kí lẹ gbọ́?" Mo ní atẹ́gùn tó ń jáde kéré, kò bá ariwo mu. Ó ní eruku ti dí i nìyẹn. Ó ní tó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ń jáde dáadáa àmọ́ tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ, pâte ló gbẹ, torí ooru ò ráyè kúrò lára puce bọ́ sára radiateur, irin tó ń gba ooru ẹ̀, fáànù kàn ń fẹ́ irin tútù lásán, puce ń jóná lábẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni mo ka ìyẹn sí. Ó ní kí PS4 pa ara ẹ̀ yẹn gan-an kì í ṣe àrùn, ó ń gba ara ẹ̀ là ni, tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ puce á jó tán pátápátá.

Ó tú u lójú mi. Àwọn síkúrù ẹ̀yìn wà lábẹ́ sítíkà, síkúrù onígun mẹ́fà tó ní ihò láàárín ni wọ́n, tournevis lásán ò lè ṣí wọn, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ gbìyànjú ẹ̀ ẹ máa bà á jẹ́ ni. Ó yọ ike, ó yọ alimentation tó wà lókè, radiateur yọjú. Mo fẹ́ pariwo. Láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ yẹn, eruku pupa ti dì pọ̀ di odidi, kò sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fà á, ó jáde ní odindi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ẹyin aáyán wà lára ẹ̀. Aáyán fẹ́ràn ibi tó bá ń lọ́wọ́ọ́wọ́, PS4 tó wà ní sleep mójú, tí wọn ò pa á pátápátá, ni ilé wọn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ẹ gbọ́ o. Nígbà tó fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ìka kan di fáànù mú kó má lè yí, ó ní tó bá ń yí àyíjù lódìkejì, ó lè bà á jẹ́, ó sì lè rán iná padà sínú bọ́ọ̀dù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró sí nìyẹn, wọ́n á fẹ́ eruku, wọ́n á dé e padà, wọ́n á gba owó. Tiwa ò dúró. Ó yọ bọ́ọ̀dù lódindi, wáyà pẹlẹbẹ tó tinrin bíńtín wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ya, ó ti parí, ó rọra ń ṣe é bí ẹni tí kò ní ibi kankan láti lọ. Pâte tó wà lórí puce ti gbẹ, ó ti di funfun, ó ń rún. Kò yà mí lẹ́nu, kò jọ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án látìgbà tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́, ẹni tó ṣe é ò sì jẹ̀bi, nǹkan tó ti lò ju ọdún mẹ́wàá ni. Ó fi òwú àti alcool 90 tí wọ́n ń tà ní pharmacie nù ún títí irin fi ń dán, ó fi tuntun sí i, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan péré láàárín. Mo ní ṣé kò kéré, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó máa ń kùn ún bíi bọ́tà sára búrẹ́dì ló ń sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ radiateur ló máa tàn án ká. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ fi ọṣẹ ìfọyín dípò pâte, ẹ gba PS4 yín lọ́wọ́ ẹ̀ kíá.

6.000 francs ló gbà, pâte wà nínú ẹ̀. Kí n sọ èyí tí kò dáa náà: ó lọ́ra gan-an, gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa dá dúró láti bá sọ̀rọ̀, kò ní rìsíìtì, kò ṣe garantie, rọ́bà ẹsẹ̀ kan sì wà lábẹ́ PS4 mi tí kò bá a padà wálé, títí di òní mi ò mọ ibi tó bọ́ sí. Mo fi páálí tẹ́ ibẹ̀.

Àmọ́ iṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí mo gbé e padà, ọmọ kan jókòó, ó tẹ̀ ẹ́, ó dorí bolẹ̀ ó ń gbọ́ ọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tàn ṣá?" Torí kò gbọ́ ariwo. Ọyẹ́ ti kọjá lórí ẹ̀, oòrùn March ti kọjá lórí ẹ̀, kò tíì kú lẹ́nu ìdíje mọ́. Mo ti ní kó bá mi tú àwọn méjì tó kù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì ké.

Mo tún ṣètò ibi tí wọ́n wà. Inú àpótí onípákó ni mo tì wọ́n sí tẹ́lẹ̀ torí olè, mo ti gé ẹ̀yìn àpótí náà kúrò. Ìwé tó bá PS4 wá sọ pé kí àyè tó tó 10 cm wà láàárín ẹ̀ àti ògiri, ó sì sọ pé 5 sí 35 degree ni kí ibi tí wọ́n ti ń lò ó jẹ́. Lábẹ́ páànù ní Kétu lọ́sàn-án March, ẹ ti mọ̀ pé a ti kọjá ibẹ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà tó bá ti di agogo méjì sí mẹ́rin mo máa ń jẹ́ kí ọ̀kan sinmi kí àwọn méjì máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa gba ipò ara wọn. Aṣọ tí mo fi ń bò wọ́n lálẹ́, èmi fúnra mi ni mo máa ń ká a kúrò láàárọ̀, mi ò lè fi ìyẹn lé ọmọ kankan lọ́wọ́, torí ẹni tó bá tan án pẹ̀lú aṣọ lórí ẹ̀ ti sè é.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní PS5, èyí tó tẹ̀lé PS4, nílé, ẹ má ka ohun tí mo sọ yìí kẹ́ ẹ wá gbé e fún ọmọ àdúgbò kó tú u. Ohun tó wà lórí puce tiyẹn látìgbà tó ti jáde ní 2020 kì í ṣe pâte, irin olómi ni, ó ń gbé iná, tó bá kán sórí bọ́ọ̀dù lásán ó lè pa gbogbo ẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ ìfaeruku fa ojú ihò eruku tí wọ́n fi síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Ní ti pẹpẹ, tó bá jẹ́ ibi ṣáàjì manette lẹ nílò, ẹ rà á, ẹ má wulẹ̀ tan fáànù ẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ dépanneur mi, kó bi mí, mo máa júwe ẹ̀ fún un. Ẹ gbé manette kan àti wáyà yín dání torí níwájú yín ló máa dán an wò, ẹ má lọ lọ́sàn-án Jímọ̀ torí ó máa ń ti ilẹ̀kùn lọ kírun, ẹ sì ka síkúrù pẹ̀lú ẹsẹ̀ rọ́bà kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò lórí tábìlì ẹ̀.