Ọwọ́ lórí ọwọ́ ọmọ, tàbí lábẹ́ rẹ̀?

Ọmọ tí kò ríran, tí kò sì gbọ́ràn, ọwọ́ ló fi ń wo ayé. Bí a bá ń kọ́ ọ láti fi ṣíbí jẹun, àwọn kan á gbá ọwọ́ rẹ̀ mú látòkè, wọ́n á máa darí rẹ̀. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn á máa fa ọwọ́ sẹ́yìn (ta ló fẹ́ kí wọ́n ṣàdédé gbá òun lọ́wọ́ mú?). Èkejì ni kí ìyá fi ọwọ́ tirẹ̀ sábẹ́ tọmọ, kí ọmọ máa bá a lọ, kó sì lè yọwọ́ nígbà tó bá wù ú. Ó ń gba sùúrù. Síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án léjìká, kó mọ̀ pé ẹ ti dé.