Ẹ Ṣọ́ra fún Ẹ̀rọ Ayùn Tòkunbọ̀ Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kùn: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ẹ̀yin ará tí ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ igi bíi tèmi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀rọ ayùn orí tábìlì èyíkéyìí tí wọ́n bá pè ní tòkunbọ̀. Owó tí mo pàdánù jẹ́ 320,000 náírà, láìka owó ọkọ̀ tí ó gbé e láti Èkó wá sí Ìbàdàn, láìka owó ẹni tí ó tú u wò, láìka ìtìjú tí mo ń jẹ nínú ilé ara mi láti ọjọ́ náà títí di òní. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni mo fi kó owó yẹn jọ nínú àjọ tí àwa òṣìṣẹ́ ń dá. N kì í ṣe káfíńtà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba ni mo máa ń kan àga, pẹpẹ ìwé àti bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ, ayùn ọwọ́ ni mo sì ti ń lò fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó bá ti fi ayùn ọwọ́ la pákó ìrókò tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá rí yóò mọ ìdí tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fi wù mí.

Àwòrán rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lórí WhatsApp. Ọkùnrin tí ó ń tà á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti inú kọ̀ńténà ni, pé nínú ilé òyìnbó arúgbó kan ni wọ́n ti gbé e, àti pé ẹni náà kò fi gé igi ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Nígbà tí mo pè é, ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ìtẹríba: “Ẹ káàárọ̀ sà, bàbá mi. Ẹ wá fi ojú ara yín wò ó. Mi ò lè parọ́ fún irú yín.” Mo gbà á gbọ́. Kí ló dé tí n kò fi ní gbà á gbọ́? Gbogbo ìgbà tí ó bá yanu ni ó ń pè mí ní bàbá, ó sì búra lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ pé mo ní kí ó búra. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibẹ̀ pé ẹni tí ọjà rẹ̀ dára kì í búra kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èkó, ẹ̀rọ náà ń dán. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rò pé ẹni tí ó bá tọ́jú nǹkan tó bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹlẹ́tàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ èyí sí ọkàn yín: wọn kì í déédéé kun irin tí kò ní àbùkù. Lára ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí ó yẹ kí àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ agbára iná sí wà, ọ̀dà náà nípọn ju ti ibòmíràn lọ. Mo rí i. Mo fi ìka kàn án, n kò sì sọ nǹkan kan. Okùn iná rẹ̀ ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí eérú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ògiri jẹ́ tuntun, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta irú tiwa. Mo rí ìyẹn náà. Okùn yẹn kò sì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń mú iná jáde tààrà. Ó gba abẹ́ tábìlì kan kọjá, níbi tí wọ́n ti fi àpò sìmẹ́ńtì bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ara rẹ̀ dáadáa.

Ó tan ẹ̀rọ náà. Ó yí fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, ó sì pa á. “Bàbá, ẹ ò gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rọ̀?” Ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí n ṣe ohun tí mo tìtorí rẹ̀ gbéra nílé. Pákó ìrókò kan wà nínú àpò mi, kò gùn ju apá kan lọ, tí mo mú wá láti Ìbàdàn nítorí kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ náà là á lójú mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ki ọwọ́ bọ inú àpò náà tí mo fọwọ́ kan pákó yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì yọ ọwọ́ mi lófìfo. Àwọn ọkùnrin méjì kan dúró tì wá, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ rà á, ọ̀kan sì ní bí n kò bá mú un, òun yóò san 350,000 lójú ẹsẹ̀. Ó dá mi lójú báyìí pé èèyàn rẹ̀ ni wọ́n, nítorí ẹni tí ó fẹ́ ra nǹkan kì í dúró kí ẹlòmíràn ná an tán. Ojú wọn ni mo wò tí ìtìjú fi mú mi. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé n kò lówó, tàbí pé mo jẹ́ ará oko tí kò gba ènìyàn gbọ́. Nítorí ojú àwọn tí n kò mọ̀ rí, mo ka 320,000 náírà lé e lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mo gọ̀. Mo ti ka ìwé nípa ẹ̀rọ yìí, mo mọ ohun tí ó yẹ kí n bèèrè. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ káfíńtà ní Bódìjà ní òun yóò bá mi lọ, èmi ni mo ní kí ó má ṣèyọnu, nítorí owó ọkọ̀ rẹ̀ ni mo ń rò. Àṣìṣe tèmi ni ìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé ènìyàn kò ti ìlẹ̀kùn ni olè fi ní ẹ̀tọ́ láti wọlé? Ẹni tí ó ta ikú fún mi ni kí wọ́n bá wí, kì í ṣe èmi tí mo fi owó òógùn mi rà á.

Mo sọ pé ikú, n kò sì ṣe àsọdùn. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ki okùn rẹ̀ bọ iná ìjọba, mo tàn án. Kò rọ̀ bí ó ṣe rọ̀ ní Èkó rárá; ó han gooro bí ìgbà tí wọ́n ń fọn fèrè sí ènìyàn létí, mo sì rò pé agbára rẹ̀ nìyẹn. Mo ti pákó sí i. Kò tíì wọlé ju ìbú ọwọ́ kan lọ tí igi náà fi há mọ́ eyín ayùn, tí ayùn sì ta á padà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi kọjá, ó lọ lu ògiri, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ sí ibi tí ọmọbìnrin mi dúró sí tí ó ń wò mí. Kí n tó yí ojú padà, èéfín ti ń jáde lábẹ́ tábìlì, òórùn kọ́ìlì tí ó ń jó sì ti gba gbogbo àgbàlá. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìyá àwọn ọmọ kò sọ̀rọ̀, ó kàn fa ọmọ náà wọlé. Ì bá sàn fún mi kí ó bú mi.

Ẹni tí ó máa ń wé kọ́ìlì ní àdúgbò wa ni ó tú u. Ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà tí ó nípọn yẹn, àwo náà sì hàn lábẹ́ rẹ̀: 120V, 60Hz, 15A (V ni bí iná ṣe lágbára tó, A sì ni iye iná tí ẹ̀rọ ń fà). Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ni, níbi tí iná ilé ti jẹ́ 120V, nígbà tí tiwa jẹ́ 230V bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin yẹn mọ̀! Òun ni ó gé orí okùn onírin pẹlẹbẹ ti Amẹ́ríkà kúrò tí ó fi tiwa sí i. Òun ni ó gbé ẹ̀rọ tí ó ń rẹ iná sílẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí ó fi àpò sìmẹ́ńtì bò ó, kí ayùn náà lè fi ìrọ̀rùn yí lójú mi. Nígbà tí mo dé ilé, iná tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí ó lè gbà ni ó rọ́ sínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi sáré kọjá agbára rẹ̀ kí ó tó jó. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n ti tún kọ́ìlì rẹ̀ wé rí pẹ̀lú wáyà tí ó tín-ín-rín jù. Wọ́n ti ki gíríìsì líle bọ inú bẹ́ríǹgì tí ó ti jẹ kí ó má baà pariwo. Irin tí ó gbé ayùn dúró lábẹ́ tábìlì ti là, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì kun ọ̀dà búlúù lé e lórí. Ayùn kò dúró gbọọrọ, igi kò sì lè ṣe kí ó má há.

Mo pe ẹni tí ó tà á. Ó ní, “Iná yín ló pọ̀ jù, bàbá.” Nígbà tí mo ní a ti rí àwo náà, n kò jẹ́ bàbá mọ́. Ó ní ọjà tí a bá ti tà kì í padà, ó gé ìpè, nọ́ńbà mi kò sì wọlé sí i mọ́. Nígbà tí mo padà lọ sí Èkó, ìlẹ̀kùn wà ní títì, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, àwọn tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ tí mo sanwó. Láti ọjọ́ náà, n kò gba ẹnikẹ́ni tí ó ń ta ẹ̀rọ àlòkù gbọ́ mọ́. Bí olóòótọ́ bá wà nínú wọn, kí ó dìde bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wí, nítorí ìṣojú gbogbo wọn ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí yóò bá ṣì rà, kí ó gbé igi líle bí ìrókò tàbí apá dání, kí ó má tijú láti yọ ọ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ là á lójú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tọ okùn iná dé òpin pẹ̀lú ojú yín. Bí kò bá sí àwo agbára iná, ẹ máa lọ sílé. Èyí tí ó jẹ́ 120V tí ó ń fa 15A ń jẹ 1,800 wáàtì, ó sì ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó bá ń gbéra, nítorí náà ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi rẹ iná sílẹ̀ fún rédíò kò lè gbé e. Ẹ ro owó èyí tí ó tó 3,000 wáàtì mọ́ iye tí wọ́n bá pè. Ẹ yọ ọ́ nínú iná, ẹ di ayùn mú, ẹ mì í: bí ó bá ń mì, bẹ́ríǹgì ti lọ. Ẹ gbé e sókè sódò, ẹ dà á dẹ̀gbẹ́ dé dígírì 45. Irin pẹlẹbẹ tí ó máa ń wà lẹ́yìn ayùn tí kì í jẹ́ kí igi há gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tèmi kò ní in, wọ́n sì ní àwọn káfíńtà wa kì í lò ó. Ẹ wọn ọ̀pá tí a ń ki ayùn sí, nítorí ti Amẹ́ríkà jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íǹṣì kan, ti Yúróòpù sì sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 30. Ẹ gba rìsíìtì. Òfin ọdún 2018 tí ó dá FCCPC, àjọ ìjọba tí ó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ sọ pé ẹni tí ó ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere fún oníbàárà, ṣùgbọ́n n kò gba rìsíìtì, ọwọ́ lásán ni mo sì fẹ́ fi lọ bá wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọkùnrin kan wá sí ilé mi, ó ní ẹnì kan ní Èkó fẹ́ ra ẹ̀rọ búlúù náà ní 45,000 bí ó ti wà. Owó yẹn ì bá wúlò fún mi gan-an. Mo lé e lọ. Lẹ́yìn náà mo mú òòlù, mo fọ́ irin tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yẹn sí wẹ́wẹ́, mo sì ha gbogbo ọ̀dà tí ó kù lára àwo náà kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí i kùn.