Adapalene fún irorẹ́ àgbọ̀n: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́ta

Ó ti lé ní ọdún méjì tí irorẹ́ ti ń sú sí mi ní àgbọ̀n àti ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó sì máa ń le sí i bí nǹkan oṣù mi bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìpara ìbóra tí mo kọ́kọ́ rà lọ́jà, tí wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ike, tún ba ojú mi jẹ́ sí i.

Ní ilé ìtajà oògùn kan ní Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá apòògùn ibẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn họ́mónù tí à ń pè ní androgen ló ń mú kí awọ sun òróró jù, tí irorẹ́ fi ń sú. Kí ó tó ta adapalene 0.1%, ìpara tí wọ́n fi ń wo irorẹ́, fún mi, ó bi mí bóyá mo lóyún tàbí mo ń retí rẹ̀, nítorí kì í ṣe oògùn aboyún; ìbéèrè yìí ló jẹ́ kí n fọkàn tán wọn.

Alaalẹ́ ni mo ń fi ìwọ̀n hóró erèé kan pa gbogbo ojú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ nira gan-an: awọ ń bó, ó ń ta mí, ọyẹ́ sì dá kún un, bẹ́ẹ̀ ni irorẹ́ tún pọ̀ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, àwọn tó ń wú tó ń dunni ti dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n àpá dúdú ṣì wà.

Ìpara yìí kò fọwọ́ kan họ́mónù fúnra rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá le ju tèmi lọ, kí ó rí dókítà awọ, ẹni tó lè kọ spironolactone, oògùn tó ń dí iṣẹ́ androgen lọ́wọ́, fún un.