Ilé àlejò kan létí òkun ní Krui: ẹ sùn síbẹ̀, ẹ má gba ilẹ̀ níbẹ̀

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ilé àlejò yìí fẹ́ ta ilẹ̀ tí òfin kò gbà kí a rà fún wa, kí a sì sanwó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Krui ló wà, ní etí òkun Sumatra lórílẹ̀-èdè Indonesia, níbi tí àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì máa ń ya sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú ìpolówó wọn, wọ́n ní àwọn máa ń bá àlejò wá ilẹ̀. Ìyẹn ló gbé èmi àti ọkọ mi débẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé létí omi lòun fẹ́ fẹ̀yìn tì sí. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí obìnrin tó ni ín.

Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Láti Jakarta, ẹ lè wọ bàálù dé pápákọ̀ òfurufú Radin Inten II lẹ́bàá Bandar Lampung, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Merak sí Bakauheni. Ọ̀nà yòówù tí ẹ bá gbà, nǹkan bíi wákàtí 6 lórí títì ṣì ń dúró dè yín lẹ́yìn Bandar Lampung. A gba inú igbó ọba Bukit Barisan Selatan, níbi tí erin àti ẹkùn ṣì wà, tí títì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ẹni ń lé ejò. Dẹ́rẹ́bà tí wọ́n rán wá gbà wá kò sáré rárá. Nígbà tí èébì ń gbé mi, ó dúró, ó fún mi ní súìtì atalẹ̀, kò sì tún ṣíná ọkọ̀ títí mo fi ní ó tó. Ẹni tí mo lè fún ní 5 nínú 5 láìronú nìyẹn.

Yàrá mọ́, bẹ́ẹ̀dì le. Omi ilé ìwẹ̀ níyọ̀ díẹ̀. Iná máa ń lọ, ọ̀gángán fèrèsé wa ni wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí. A sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kò sẹ́ni tó gbé e kúrò.

Ẹ wá gbọ́ ti oúnjẹ. Ìyá tó ni ilé náà ló ń dáná fúnra rẹ̀. Ó máa ń se pandap, ẹja tí wọ́n po mọ́ àgbọn àti ata, tí wọ́n fi ewé kókò wé, tí wọ́n á gbé ka iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí ewé náà fúnra rẹ̀ á fi rọ̀ bí ẹ̀fọ́. Ṣe ni a jẹ ti ewé ti ẹja. Ó tún máa ń yan tuhuk, ẹja ńlá ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n mọ Krui sí, lórí èédú. Tó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ni mò ń kọ nípa rẹ̀, ibí ni ǹ bá ti dákẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe máníjà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá, fi alùpùpù gbé wa lọ wo ilẹ̀. Ilẹ̀ náà rẹwà lóòótọ́: àgbọn lọ́tùn-ún lósì, òkun níwájú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó tẹ́ ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọfí wa. Ọ̀kan jẹ́ SKT, ìwé tí olórí abúlé máa ń fọwọ́ sí, tí kì í ṣe sẹ̀tífíkéètì láti ọ́fíìsì ilẹ̀ ti ìjọba. Èkejì jẹ́ àdéhùn pé orúkọ àbúrò òun ni ilẹ̀ yóò máa jẹ́, àwa la ó sanwó, àbúrò náà á sì jẹ́wọ́ ní kọ̀rọ̀ pé tiwa ni. Ó ti lẹ sítáǹbù rúpíà 10,000 mọ́ ọn. Ó ní kí a san mílíọ̀nù 20 rúpíà ṣáájú ìrọ̀lẹ́, torí ará Australia kan ń bọ̀ lọ́la.

Mo bi í pé ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Ibu (bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀) fọkàn balẹ̀, gbogbo òyìnbó ló ń ṣe é. Mo ti ka òfin náà kí n tó kúrò nílé. Òfin ilẹ̀ Indonesia ti ọdún 1960 sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè náà nìkan ló lè ní Hak Milik, ìyẹn ilẹ̀ tó jẹ́ tẹni pátápátá. Abala 26 ní bí wọ́n bá dọ́gbọ́n fi í lé àlejò lọ́wọ́, òfo ni: ilẹ̀ á di ti ìjọba, ẹni tó sanwó kò sì lè gba owó rẹ̀ padà. Mo kà á fún un lórí fóònù mi, lédè tiwọn. Ó ní òfin Jakarta nìyẹn.

Mo tún bi í léèrè etí omi. Ìlànà ìjọba ní kí wọ́n fi ó kéré tán mítà 100 sílẹ̀ láti ibi tí omi ń kún dé jù. Ní ilẹ̀ tó fi hàn wá, igi gbígbẹ àti ike tí ìgbì gbé wá wà nídìí àgbọn kejì. Bí wọ́n bá yọ mítà 100 kúrò níbẹ̀, kí ló kù tí a fẹ́ kọ́lé sí? Kò fèsì. Ó kàn ń ti bírò sọ́dọ̀ ọkọ mi.

Ìyá ti ń gbọ́ látinú ilé ìdáná. Ó jáde, omi àgbọn ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, ó mú fóònù. Kò pẹ́ tí Pak Peratin fi dé lórí alùpùpù. Peratin ni wọ́n ń pe olórí abúlé níbẹ̀, Pak sì ni Bàbá. Ó wọ awò ojú, ó fi ìka tọ àwọn orúkọ tó wà nísàlẹ̀ SKT náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ti aládùúgbò apá àríwá, ó dúró. Ó ní bàbá yẹn ti kú ṣáájú déètì tó wà lórí ìwé, àti pé òun kọ́ ni òun fọwọ́ sí ìwé náà. Ó ká a, ó fi í sápò. Máníjà dìde, ó lọ ń fọ alùpùpù.

Pak Peratin jókòó tì wá títí di ọ̀sán. Ó ní bí a bá fẹ́ gbé níbẹ̀, kí a háyà ilẹ̀ tó ní sẹ̀tífíkéètì, kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kí a sì fọwọ́ sí àdéhùn níwájú nótárì. Lẹ́yìn náà ó mú wa lọ sókè, sínú oko damar, igi tí wọ́n ń ṣá kí oje rẹ̀ lè jáde. Ọkùnrin kan fi igbà gùn ún níṣojú wa, ó ń ha oje gbígbẹ sínú agbọ̀n. Àlejò tó bá rí ibẹ̀ á pè é ní igbó tí kò lólówó, bẹ́ẹ̀ ìdílé ló gbìn ín fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Lọ́dún 1998, mínísítà fún ọ̀rọ̀ igbó fọwọ́ sí i pé kí àwọn ará Krui máa ṣàkóso nǹkan bíi hẹ́kítà 29,000 irú igbó bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́! Ìyẹn ló jẹ́ kí ìwà máníjà túbọ̀ dùn mí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá mú tọ́ọ̀ṣì, ó fi ọ̀nà tí a ó gbà sá gun òkè hàn wá bí ilẹ̀ bá mì. Ó rántí ìmìtìtì ilẹ̀ ti Liwa, ìlú kan lágbègbè ibẹ̀, lọ́dún 1994, tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tí mo tíì wọ̀ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Síbẹ̀, nígbà tí a fẹ́ lọ, rúpíà 750,000 “owó iṣẹ́ ilẹ̀” wà nínú bíìlì wa. Máníjà ló kọ ọ́. Ó ní epo alùpùpù ni, ó tún ní àkókò òun ni. Ìyá gba bírò, ó fa ìlà sí i, ó sì bẹ̀ wá. Ọmọ yẹn kò bẹ̀ wá. Mo sì gbọ́ pé òun náà ló ṣì ń jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò, ìpolówó ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Máàkì mi: 2 nínú 5. A ti ní kí Ìyá fi yàrá ẹ̀yìn, èyí tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, pamọ́ fún wa fún oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀.