Ìkógòsì àbí Àrìnta: èwo ló yẹ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀?

Ìgbafẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá lọ sí ìsun omi gbígbóná Ìkógòsì àti omi Àrìnta tó ń já látorí òkúta, méjèèjì ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn rẹ̀ la fi wò ó níbí. Lẹ́yìn ìsìnkú, "ẹ kú ará fẹ́ra kù" kì í tán nílé, dandan sì ni kéèyàn dáhùn. Ibi tí a kò ti ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn là ń wá.

Àrìnta, ní Ìpólé-Ìlórò, ló borí ní ti èyí. Ariwo omi tó ń já látorí òkúta pọ̀ débi pé èèyàn lè ké tẹnutẹnu láìsí ẹni tí yóò sáré wá bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Àsìkò òjò ni omi rẹ̀ ń kún. Lọ́gbẹlẹ̀, ó máa ń fà, ariwo náà á sì dín kù. Àmọ́ òjò yẹn náà ló ń mú kí òkúta yọ̀. Sílípáàsì kò dára rárá: bàtà kàńfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín ni kẹ́ ẹ wọ̀. Bí omi bá ṣàdédé pọ́n, òjò ti rọ̀ lókè nìyẹn. Ẹ kúrò nínú odò kíákíá. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ dá lọ. Kí ẹnì kan tẹ̀ lé e, kó jókòó sẹ́yìn, kó sì pa ẹnu mọ́.

Ìkógòsì, tí kò jìnnà síbẹ̀, ló yẹ àgbàlagbà àti ẹni tí kò róorun sùn. Ibẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Èyí tó gbóná kò ju omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun lọ, nǹkan bí 37°C. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í sábà jẹun. Bí inú bá ṣófo, téèyàn sì pẹ́ nínú omi gbígbóná, iṣan á fẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, òòyì á kọ́ ọ bó bá ti dìde. Ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná kẹ́ ẹ tó wọ omi, ẹ má kọjá ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀ nìkan ni kó rì bọ̀ ọ́.

Ìpárí ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra: àwọn ọmọ iléèwé àti gbohùngbohùn ló máa ń gba ibẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ láàárọ̀ ló dára jù.

Láti Adó-Èkìtì, ẹ gba Arámọkọ. Ẹ mú owó lọ́wọ́, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ṣeé gbójú lé, kẹ́ ẹ sì bá ọlọ́kọ̀ dá àkókò tí yóò padà wá gbé yín kí ilẹ̀ tó ṣú.