Àgbéyẹ̀wò ìbọ̀wọ́ gígùn àti awò ààbò fún ẹni tó ń sin Palythoa

Bí Palythoa tàbí Zoanthus, irú àwọn ẹ̀dá inú òkun tí àwa tó ń sìn wọ́n ń pè ní kórálì, bá wà nínú táńkì omi iyọ̀ yín, ẹ ra irú ìbọ̀wọ́ yìí kí ẹ tó ra iná míì fún kórálì. Rọ́bà nitrile ni, ó gùn dé ìgbọ̀nwọ́. Mo máa ń lò ó pẹ̀lú awò ààbò tó dì mọ́ ojú yíká.

Palytoxin, oró tó máa ń wà lára irú kórálì yìí, ni mo ń torí ẹ̀ wọ̀ wọ́n. Ọdún 1971 ni Moore àti Scheuer, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kéde ní Hawaii pé àwọn ti yọ oró yìí jáde lára Palythoa toxica. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ohun tó ń ti sódíọ̀mù síta ló máa ń kọlù, á sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Kò ní aporó. Àwọ̀ kórálì kò sì lè sọ fún yín èyí tó ní oró.

Ìbọ̀wọ́ náà nípọn, etí òkúta kò tíì ya á, síbẹ̀ mo ṣì ń fi ìka mú kórálì kékeré dáadáa. Ó ń mú ọwọ́ làágùn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Awò ni kò tẹ́ mi lọ́rùn tó: èémí máa ń bò ó, bẹ́ẹ̀ èèyàn kò gbọdọ̀ ṣí i nù nígbà tí kórálì wà lọ́wọ́. Mi ò ní torí ìyẹn bọ́ ọ, nítorí bí oró yìí bá ta sí ẹyinjú, ó lè bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bo imú nínú méjèèjì. Ẹ má ṣe se òkúta tí Palythoa wà lára rẹ̀, ẹ má da omi gbígbóná sí i, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Iná kì í pa oró náà, ooru omi ló ń gbé e wọ ẹ̀dọ̀fóró. Lọ́dún 2018, ní Steventon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, odindi ìdílé kan dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n fọ kórálì kúrò nínú táńkì. Bí ẹnu bá ń korò bí irin, tí ikọ́ àti ibà tẹ̀ lé e, ẹ jáde síta, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì dárúkọ palytoxin fún un.

Bílíìṣì ló ń ba oró náà jẹ́. Ìwọ̀n kan sí omi mẹ́sàn-án ni mo máa ń pò, lẹ́yìn òde táńkì, màá rẹ ọ̀bẹ àti ìbọ̀wọ́ sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èédú asẹ́mi kì í kúrò nínú táńkì mi, nítorí oró tó bá bọ́ sínú omi.

Màá tún ìbọ̀wọ́ yìí rà. Ní ti awò, mò ń wá èyí tí èémí kò ní máa bò.