Agolo kejì: ẹja mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé oúnjẹ náà ti yàtọ̀

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ṣí agolo kejì oúnjẹ ẹja oníkóró yìí. Mo dín iná táǹkì kù, mo ju kóró mẹ́ta sínú omi, mo fà sẹ́yìn, mo jókòó bí mo ti ń ṣe láti nǹkan bí oṣù méjì. Kọ̀jálẹ̀, ẹja mi, yọ lẹ́yìn igi rẹ̀. Ó dúró sí agbedeméjì omi, ó dorí kodò díẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ń retí. Kò sí ohun tó sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó kẹ̀yìn sí mi, àwọ̀ rẹ̀ ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ títí ilà ara rẹ̀ kò fi hàn mọ́, ó bá padà sẹ́yìn igi. Ẹja tó ti ń jẹ kóró yìí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko!

Ìbínú alẹ́ ọjọ́ náà ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú mi rí lórí agolo kìíní, yóò rò pé mo kàn ń fa wàhálà lásán ni.

Datnioides microlepis ni ẹja náà. Ẹja ẹkùn ni èmi ń pè é, nítorí ilà dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ tó wà lára àwọ̀ ìyeyè rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ gan-an, ẹ ti gbọ́ ọ, ìwà rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọdẹ ibùba ni. Kì í lé nǹkan kiri. Yóò dúró bí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, bí ohun kan bá sì ń mira kọjá, ẹnu rẹ̀ á ta síwájú bí ọ̀pá, á fa nǹkan náà wọlé kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ohun tí kò bá mira, kò kà á kún oúnjẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyọnu wà, torí kóró inú agolo kì í mira.

Ẹja wẹ́wẹ́ tó wà láàyè ni ẹni tó tà á fún mi fi tọ́ ọ, ohun tí èmi náà sì ń fún un nìyẹn, títí ẹja wẹ́wẹ́ kan fi kó àrùn wọ táǹkì mi, tí àmì funfun bí iyọ̀ sì bo Kọ̀jálẹ̀ láti orí dé ìrù. Ó yè é, àmọ́ mo ti kọ́gbọ́n. Yàtọ̀ sí àrùn, ẹran ara goldfish tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bọ́ irú ẹja yìí ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní thiaminase. Ó ń ba fítámì B1 jẹ́, tí ẹja bá sì ń jẹ ẹ́ ṣáá, ó máa hàn lára rẹ̀ bó pẹ́ bó yá.

Mo ra agolo kìíní. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé ẹja apẹran èyíkéyìí yóò jẹ ẹ́ láàárín ọjọ́ 3. Kọ̀jálẹ̀ kò mọ̀wé kà. Ọjọ́ kẹta kọjá, ọjọ́ karùn-ún kọjá, iṣẹ́ mi kò ju kí n máa fi àwọ̀n kó kóró tó ti rin gbindin kúrò nísàlẹ̀ kí ó má baà jẹrà, kí omi má baà kún fún amóníà, májèlé tó ń pa ẹja. Lọ́jọ́ kẹfà ni mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Mo kọ ọ́ tìbínú-tìbínú, mo ní kí wọ́n dá owó mi padà.

Ọmọkùnrin kan ló dá mi lóhùn, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

“Ẹ má bínú, sà. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Kí ni ẹja yín jẹ gbẹ̀yìn?”

Mo ní ẹja wẹ́wẹ́, ní àná.

“Háà! Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, sà, ebi kankan ò sì tíì wọnú ẹja tiyín.”

Mo rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́. Ó béèrè bí ẹja náà ṣe gùn tó. Mo ní sẹ̀ǹtímítà 12. Ó ní kí n wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ dáadáa, ṣé ẹran ibẹ̀ kún tàbí ó ti jìn wọlé, torí pé ẹja tó bá ti rù kì í ṣe èyí tí a ń febi kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́. Ó ní ó kún, ká bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ti bá mi sọ̀rọ̀ ẹja báyìí rí láàárín àwọn tó ń ta nǹkan.

Ètò tó là sílẹ̀ fún mi rèé. Ọjọ́ mẹ́rin láìjẹ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹja wẹ́wẹ́ tó ti kú, kí n fi ẹ̀mú gígùn dì í nírù, kí n máa mì ín níwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí iná ti lọ sílẹ̀, nítorí ìgbà yẹn ni ọdẹ ń wà lára rẹ̀. Bí kò bá jẹ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n yọ ọ́, kó di ọ̀la. Bó bá gba ẹja òkú, ká bọ́ sórí edé inú fírísà tó ti yọ́. Tó bá ti gba edé, kí n la inú edé náà, kí n ki kóró kan bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, kí edé máa kéré sí i, kí kóró máa pọ̀ sí i, títí yóò fi ku kóró nìkan tí a rẹ sínú omi tó ṣẹ́ lára edé.

Ẹ̀mú ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi lálẹ́ àkọ́kọ́, ó ti ju bó ṣe yẹ lọ, Kọ̀jálẹ̀ sì sá. Ọmọ náà ní kí n má mì ín bí ẹni tí òtútù ń mú. Kí n mì ín lẹ́ẹ̀kan, kí n dúró, kí n tún mì ín, bí ẹja tó fara pa. Ọjọ́ 9 ló gba ẹja òkú. Ọjọ́ 16 ló gba edé. Ọjọ́ 27 ló gbé edé tó ní kóró nínú mì, ó sì tu kóró náà jáde láti ẹnu bí ẹni tó gé òkúta nínú ẹ̀wà. Mo ké sí ọmọ náà. Ó ní ohun tó dára nìyẹn, torí adùn rẹ̀ ti kan ahọ́n.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ kan ṣoṣo ló burú. Ó ní kí n fi ẹja mìíràn kan tí wọ́n ń pè ní ọ́síkà tì í, pé bó bá rí ẹja mìíràn tó ń jẹun tọkàntọkàn, ìlara á jẹ́ kó jẹ. Ọ́síkà jẹun lóòótọ́. Ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ ti Kọ̀jálẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ẹja mi fi dúdú bí ìdí ìkòkò ní kọ̀rọ̀ kan. Mo ti fi ọ́síkà náà ta ọ̀rẹ́ mi lọ́rẹ.

Ọjọ́ 38, láìsí edé, láìsí ẹ̀mú, kóró kan ń rọra rì bọ̀ láti òkè. Ẹnu ta síwájú. Kóró pòórá. Mo dúró kó tu ú. Kò tu ú. Mo hó yèè nínú ilé, gbogbo ará ilé rò pé bọ́ọ̀lù ni mo ń wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e kò ní ìtàn. Omi mọ́, ìgbẹ́ ẹja kò pọ̀, ilà ara rẹ̀ hàn ketekete. Òórùn oúnjẹ náà lágbára, ìdérí agolo rẹ̀ le bí ìlẹ̀kùn báńkì. Ó tán bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, agolo kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ni. Mo yẹ omi wò: amóníà kò sí, híítà wà lórí 27°C. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé kóró alẹ́ tó ṣáájú ṣì léfòó ní igun kan, ó ti wú. Mo wá agolo àtijọ́ nínú ìdọ̀tí, mo rí kóró méjì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo bu omi sí ife méjì. Kóró àtijọ́ rọra rì. Èyí tuntun dúró sókè bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹja mi kì í jẹun lójú omi. Ó ń dúró de ohun tó ń sọ̀kalẹ̀, èmi ni mo fi ọjọ́ 38 kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn ló dá mi lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. “Oúnjẹ wa kò yí padà rárá. Ẹ lọ yẹ ẹja yín wò.” Mo fi fídíò ife méjèèjì ránṣẹ́. “A ti rí fídíò yín gbà.” Ọjọ́ méjì, kò sí ohùn. Mo tún kọ. Ó bi mí bóyá mo gbé agolo sínú oòrùn. Oòrùn! Inú bí mi débi pé mo kọ èsì mẹ́ta, mo pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, fóònù dún. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ni. Kò pè mí ní sà mọ́.

“Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Mo lọ béèrè. Wọ́n ti yí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde padà, afẹ́fẹ́ inú kóró ti pọ̀ sí i. Ṣé ẹ ní síríńjì tí kò lábẹ́rẹ́?”

Mo ní. Ó ní kí n kó kóró sínú rẹ̀, kí n fa omi táǹkì sí i, kí n ti afẹ́fẹ́ tó kù jáde, kí n fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, kí n wá fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn. Ìhó wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára kóró. Bí mo ṣe ń dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, omi ń wọlé rọ́pò afẹ́fẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, gbogbo wọn ti wà nísàlẹ̀ síríńjì. A ò tíì sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù tí mo ti dà wọ́n sínú táǹkì. Kọ̀jálẹ̀ jẹ márùn-ún.

“Ó jẹ ẹ́?” 

“Ó jẹ ẹ́, àbúrò.”

Mo ní kí ó bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé ó ń léfòó báyìí. Ó ní òun ti sọ. Títí di òní, ọjọ́ 3 yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti sanwó agolo kẹta.